Omi Tó Yí Ilé Màmá Sophie Ká

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń fi fóònù kà á, ẹ kú ìrìn, ẹ má jẹ́ kí ibi tí ẹ ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kọjá yín nítorí tèmi o. Ìtàn tí mo mú wá yìí, òótọ́ pọ́ńbélé ni, ojú mi ló ṣe. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́. Tí ẹ bá rí i pé mo yà bàrá, ẹ ṣáà máa bá mi bọ̀, mo máa padà sójú ọ̀nà.

Bàbá Gbémisọ́lá ni wọ́n ń pè mí. Spandau ní Berlin, nílẹ̀ Jámánì, ni mò ń gbé, lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin. Kí n tó fẹ̀yìn tì, Tempelhof ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nílé ìkẹ́rùsí kan, èmi ni mò ń wa ọkọ̀ kékeré tó ń fi ìka irin méjì gbé ẹrù sókè. Ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó máa wúlò níwájú.

Mo ní ọmọ àbúrò kan, Akin. Hamburg lòun ń gbé. Ẹnjiníà ni. Àwọn fáànù gàgàrà tí atẹ́gùn ń yí nínú pápá, tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná, òun ni wọ́n ń pè tí ọ̀kan bá dákẹ́. Lọ́jọ́ kan ó pè mí lórí fóònù.

"Dádì, ẹ bá mi dúpẹ́ o, mo ti ra ilé."

"Ọpẹ́ yẹ Olúwa! Ìkòròdú àbí Ìbàdàn?"

"Níbí ni o, Dádì. Àárín Hamburg àti Berlin. Ilé àtijọ́ ni, omi ló yí i ká."

"Omi ṣe kí ni?"

"Ó yí i ká, Dádì. Yípo."

"Akin," mo ní, "ṣé o ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

Àfi ìgbà tí mo fi ojú ara mi rí i. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Spandau, Akin wá fi mọ́tò gbé mi ní ibùdókọ̀. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, torí ilé onílé ni, kì í ṣe ibi ìwòran. Tí mo bá dárúkọ rẹ̀, àwọn èèyàn á kàn máa wá ya fọ́tò lójú fèrèsé wọn.

Wasserschloss ni àwọn Jámánì ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀, ilé ọlọ́lá tó wà láàárín omi. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ yàrà tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ìlú ká nítorí ogun, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú tí ẹ mọ yàrà Sùngbọ́, ohun kan náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwa yí odindi ìlú ká, tiwọn yí ilé ẹnì kan ṣoṣo ká. Tiwa gbẹ, tiwọn kún fún omi.

Ilé bíríkì pupa ni, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé ìṣọ́ roboto kan lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ògiri ìsàlẹ̀ nípọn débi pé mo na ọwọ́ mi tán lójú fèrèsé, ìka mi ò dé ìta. Fèrèsé ìsàlẹ̀ tín-ín-rín, torí ọta ìbọn. Ti òkè fẹ̀ dáadáa, torí nígbà tí wọ́n tún òkè kọ́, ogun ti dẹwọ́, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń wá. Afárá kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀. Òkúta ni báyìí, ṣùgbọ́n ti àtijọ́, igi ni, wọ́n á fi ṣéènì fà á sókè tí ilẹ̀ bá ti ṣú, bí ẹni ti gééti. Ihò tí ṣéènì ń gbà kọjá ṣì wà lára ògiri. Ní orí ilẹ̀, níbi tí èèyàn ò tíì gun afárá, ilé aṣọ́bodè wà, yàrá méjì. Ibẹ̀ ni Akin ní kí n máa sùn sí tí mo bá wá bá wọn ṣọ́ ilé.

Ẹni tó ta ilé náà fún un, màmá arúgbó kan ni, Sophie. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. "Opa" ló ń pè mí, ìyẹn bàbá àgbà. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù mí lọ o." Ó ní, "Mo mọ̀, Opa, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń ru igi ìdáná, ìwọ lò ń jókòó."

Àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ló kọ́ ilé náà, ó ti lé ní irínwó ọdún. Ogun kan jà níbí tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún jà, ìyẹn ló sun òrùlé àkọ́kọ́. Nígbà tí ogun Hítílà ń parí lọ, tí àwọn sójà Rọ́ṣíà ń bọ̀, bàbá Sophie kó ìyàwó àti ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, wọ́n sá lọ sí Hamburg. Ọmọ kékeré ni Sophie nígbà náà. Àwọn kọ́múníìsì gba ilé, wọ́n fi ṣe ilé ìwé, nígbà tó yá wọ́n ń da ọkà sí i. Wọ́n wó ògiri Berlin tán kí Sophie tó padà wá, tó fi owó ra ilé bàbá ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ ronú sí i: kéèyàn máa náwó ra yàrá tí wọ́n bí i sí. Kò bímọ. Ó ń gba àwọn òṣìṣẹ́ sílé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Akin ń sùn nígbà tí wọ́n ń ri fáànù wọn mọ́lẹ̀ nítòsí ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọra.

Nígbà tó fẹ́ ta ilé fún Akin, ohun méjì ni wọ́n jọ ṣàdéhùn. Àkọ́kọ́, yàrá òkè tó kọjú sí afárá, tí wọ́n bí i sí, òun ló máa sùn níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ó ní, "Wọ́n ti gbé mi jáde níbẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀kan tó. Tí wọ́n bá tún máa gbé mi jáde, òkú mi ni." Akin búra fún un. Ohun kejì ni pé, "Ẹ má fọwọ́ kan omi." Akin bi í pé kí ló dé. Ó kàn tún un sọ ni, "Ẹ má fọwọ́ kan omi." Ó parí.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú Roseline wọlé, ìyàwó Akin. Nọ́ọ̀sì ni ní Hamburg, ọmọlúàbí gidi, ọwọ́ rẹ̀ ò há. Ṣùgbọ́n òun ni olórí ẹgbẹ́ adúrà ní sọ́ọ̀ṣì wọn, sọ́ọ̀ṣì àwọn tó máa ń pàtẹ́wọ́ lé èṣù. Tí Roseline bá di ojú rẹ̀ láti gbàdúrà, ẹ wá ibi jókòó sí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, orúnkún Màmá Sophie le gbagidi. Wọ́n gbé e lọ sí Kur, ilé ìtọ́jú tí wọ́n ti ń wọ́ ẹsẹ̀ fún èèyàn, tí wọ́n ń fún un ní oúnjẹ tí kò níyọ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló máa lò níbẹ̀. Èmi, Akin àti Roseline wá jókòó ní kíṣìnnì ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, à ń jẹ búrẹ́dì. Akin ní òtútù omi yẹn ló ń wọ màmá lórúnkún. Mi ò bá a jiyàn. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ní Ajégúnlẹ̀, gbogbo òjò ni omi ń bá wọn sùn. Ìyá rẹ̀ á gbé bẹ́ẹ̀dì lé búlọ́ọ̀kù. Lójú Akin, omi tó bá sún mọ́ ògiri, ọ̀tá ni.

Roseline ní, "Ẹ̀yin rò pé òtútù nìkan ni. Ẹ ò rí Màmá láràárọ̀? Wọ́n á lọ bẹ̀rẹ̀ lórí afárá, wọ́n á wo inú omi, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní 'Gut,' pé ó dáa, wọ́n á padà wọlé. Kí ni wọ́n ń kí níbẹ̀?"

"Bóyá ẹja ni," mo ní.

"Ẹja wo, Dádì? Ilé irínwó ọdún, omi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ẹ ò rí i pé májẹ̀mú ni? Ẹ̀mí omi ni. Mo lálàá lánàá, ẹnì kan ń fọwọ́ pè mí látinú ẹ̀."

"Roseline, omi yìí máa ń di yìnyín nínú oṣù Jánúárì. Ẹ̀mí wo ló máa gbé ibẹ̀? Òtútù á ti lé e padà sí Èkó."

Akin bú sẹ́rìn-ín. Roseline ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin aláṣọ funfun kúkú ni. Ọ̀rẹ́ omi ni yín, ẹ ò lè mọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ kọ́. Àgbà ló ní ká má fọwọ́ kàn án. Èèwọ̀ ni."

"Kí ni ìdí èèwọ̀ ọ̀hún?"

"Èèwọ̀ kì í ní ìdí. Wọ́n ní má ṣe, o ò ṣe."

"Akin, o ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn! Èèwọ̀ ni wọ́n pè é. Onígbàgbọ́ sì ni wá, a kì í bá wọn pa èèwọ̀ mọ́."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti ìyàwó àti ti Ajégúnlẹ̀ nìyẹn, méjèèjì wá pàdé lára Akin. Ó ní àwọn máa ṣe é kí Màmá tó dé, á di ẹ̀bùn. Ibi tí omi wà á di koríko àti òdòdó, yàrá rẹ̀ á gbẹ táútáú, orúnkún á fúyẹ́.

Lẹ́yìn ilé, omi náà ní ẹnu kan tó fi ń ṣàn lọ sínú odò kékeré. Pákó ni wọ́n tò síbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, láti dá omi dúró. Akin àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì níbi iṣẹ́ yọ pákó náà. Roseline dúró lórí afárá pẹ̀lú òróró, ó ń pàṣẹ, "Jáde! Jáde!" Omi sì ń jáde lóòótọ́. Nígbà tó fi gbẹ, a rí kẹ̀kẹ́ ológeere mẹ́ta, ìkòkò irin, agogo ilé ìwé àwọn kọ́múníìsì, àti ẹja, ẹja ńláńlá tó ń janra mọ́ ẹrẹ̀. Mo mú ọ̀kan tó sanra.

"Dádì, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ ẹja yẹn!"

"Mo ti gbàdúrà lé e lórí, Roseline. Aláṣọ funfun ni mí."

Gbémisọ́lá fi se ọbẹ̀ aláta fún mi ní Spandau. Ó dùn.

Oòrùn wá mú nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Ẹrẹ̀ inú yàrà gbẹ, ó sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ilẹ̀ ìgbà ọyẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo gòkè lọ ṣí fèrèsé yàrá Màmá Sophie kí afẹ́fẹ́ wọlé. Nígbà tí mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn padà, kò padé mọ́. Mo rò pé ooru ló mú igi wú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ògiri lanu lókè ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ̀yin mọ òwe ògiri àti aláǹgbá. Èyí kúrò ní ti aláǹgbá, ìka mi wọ inú ẹ̀.

Mo pe Akin. Akin pe Lena, ọmọbìnrin Jámánì kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ àwọn ilé àtijọ́ wò. Bí Lena ṣe dé orí afárá, tó rí yàrà gbígbẹ, ó jókòó sílẹ̀ gbì.

"Ta ló ṣe èyí?" ó ní.

Ó bọ́ sínú yàrà, ó ní kí Akin mú ṣọ́bìrì wá, kó gbẹ́ ìdí ògiri. Akin gbẹ́ ẹ. Kò pẹ́ tí orí igi fi yọ, igi dúdú, ó nípọn ju itan mi lọ. Wọ́n tún gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, igi mìíràn.

Lena wá là á yé wa pé ẹrẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, kò lè gbé ilé. Àwọn tó kọ́ ọ kọ́kọ́ ri òpó igi líle kan tí wọ́n ń pè ní Eiche bọ ẹrẹ̀, wọ́n tò ó bí eyín, wọ́n wá mọ ògiri lé e lórí. Igi yẹn, tó bá wà lábẹ́ omi, afẹ́fẹ́ ò lè débẹ̀, kò lè jẹrà, àní fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Ṣùgbọ́n tí omi bá lọ, tí afẹ́fẹ́ kàn án, ó máa jẹrà bí igi tó ṣubú nínú igbó. Ẹrẹ̀ tó dì í mú náà, bó ṣe ń gbẹ ló ń sún kì, ilé á máa rì díẹ̀díẹ̀. Ó ní igi náà ò tíì jẹrà, ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó ní kẹ́nikẹ́ni má sùn nínú ilé náà mọ́ títí òun á fi sọ ọ́. Tí ògiri ò bá dúró, ilé yẹn máa di títì pa.

Màmá Sophie sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Akin jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bo ojú. "Dádì, mo búra fún wọn."

Mo ti ń wo Roseline pé bóyá ó máa gbàdúrà. Ó bọ́ bàtà ilé, ó wọ ti ìta, ó gba ọ̀nà abúlé lọ. Ẹ wò ó, Roseline ò wọ inú abúlé yẹn rí, ó ní ojú wọn le. Ó lọ sí ilé àwọn Feuerwehr, àwọn panápaná abúlé, tí wọ́n ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, àgbẹ̀ ni wọ́n, olùkọ́ ni wọ́n. Ó rí ọ̀gá wọn, ó kúnlẹ̀ fún un. Jésù! Ọkùnrin náà rò pé ó dákú ni. Ó gbé àga wá, ó gbé omi wá, ó ń pariwo pe ìyàwó rẹ̀. Ìgbà tó wá gbọ́ ohun tó ń bẹ̀ fún, ó ní, "Inú Schloss yẹn, ilé olómi yẹn, ni mo ti kàwé nígbà tó jẹ́ ilé ìwé. Dìde, ìyáàfin."

Akin ti dá pákó padà sẹ́nu omi, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ ti sọ odò kékeré yẹn di okùn, ìgbà òtútù ló máa tó kún. Ni àwọn panápaná bá ta rọ́bà láti adágún tó wà lẹ́yìn abúlé, wọ́n ń fi pọ́ọ̀ǹpù fà á. Lena ní kí wọ́n rọra ṣe é, tó bá yára jù ẹrẹ̀ á ya. Wọ́n rọra ṣe é.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá Màmá Sophie ní Kur. Roseline ló sọ ọ́, kò jẹ́ kí Akin gbà á sọ. Ó ní, "Màmá, èmi ni. Mo rò pé ẹ̀mí kan wà níbẹ̀."

Màmá Sophie ò pariwo. Ó bi wá pé, "Òrùka yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti yọ síta?"

Kò yé wa. Ó ní òrùka irin kan wà lára ògiri, lábẹ́ afárá. Omi gbọ́dọ̀ bò ó. Ìyẹn lòun ń wò láràárọ̀. Akin ní òun rí i, ó gbẹ, ó ti dípẹtà. Màmá yí ojú sí ògiri, kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ilé Akin ní Hamburg ni wọ́n gbé e lọ. Lena fi Gips, nǹkan funfun tí wọ́n fi ń di ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́, lẹ̀ ẹnu ibi tó sán ní yàrá Màmá. Tó bá là, ògiri ṣì ń rìn. Tí kò bá là títí ewé á fi rẹ̀ tán, Màmá lè padà. Èmi ni mò ń ṣọ́ ọ, nílé aṣọ́bodè. Lena ní kí n máa fi akoto sórí tí mo bá ń gòkè lọ wò ó.

Àkọ́kọ́ là. Kò lo ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún wọn. Lena lẹ òmíràn mọ́ ọn.

Láàárọ̀ fóònù á dún.

"Opa, Gips?"

"Kò tíì là, Màmá."

"Òrùka?"

"Omi ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Roseline ń fi róòbù pa mí lórúnkún, ojú mi ń ta. Ọbẹ̀ rẹ̀ náà ń ta. Mo bi í bóyá ó gbàdúrà lé àwọn ẹja mi náà kó tó lé wọn jáde."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ìwọ lo jẹ ọ̀kan."

Mo ní ẹ jẹ́ kí n tún lọ yẹ Gips wò.

Akin sọ fún mi pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Màmá ò gba omi tíì lọ́wọ́ Roseline. Roseline ò yéé gbé e wá. Á kúnlẹ̀, á gbé e sílẹ̀, á lọ. Nígbà tó yá Màmá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, orúnkún tìrẹ náà máa tó bàjẹ́. Dìde jókòó." Ó mu tíì.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Ewé rẹ̀. Gips ò là. Lena wá, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, ó fọwọ́ kàn án, ó tún wò ó. Ó ní kí wọ́n fi òpó irin méjì gbé igi àjà yàrá yẹn ró, kẹ́nikẹ́ni má gun ilé ìṣọ́, ṣùgbọ́n Màmá lè padà sùn sí yàrá rẹ̀. Akin kàn rọra fi ọwọ́ lé ògiri ni.

Nínú oṣù Nòfẹ́ńbà ni wọ́n gbé e dé. Ó ní kí wọ́n dá mọ́tò dúró lórí ilẹ̀, òun máa fẹsẹ̀ rìn. Ó dé àárín afárá, ó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, Roseline ní ọwọ́ kejì. Omi ti bo òrùka.

"Gut," Màmá ní.

"Gut," Roseline náà ní.

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Tí ẹ bá ti sọ fún wa pé igi ló wà nísàlẹ̀, ta ló máa fọwọ́ kàn án?"

Ó wò mí. Ó ní, "Opa, èmi náà ò mọ̀. Ọjọ́ tí à ń sá lọ, mo ti wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Bàbá mi fún ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹṣin wa ní kọ́kọ́rọ́, ó ní, 'Òrùka yẹn ò gbọdọ̀ yọ. Má fọwọ́ kan omi.' Ọkùnrin yẹn ò bi í léèrè. Ó sọ fún àwọn kọ́múníìsì, àwọn náà ò bi í. Lẹ́nu Lena ni èmi náà ti gbọ́ ti igi."

Mo bojú wo Roseline. Mo ní, "Mo sọ fún ẹ ná. Èèwọ̀ kì í ní ìdí."

"Ó ní ìdí, Dádì," ó ní. "Wọ́n kàn ri í mọ́ ẹrẹ̀ ni. Ẹ yà kí Màmá kọjá, òtútù ń mú wọn."

Màmá Sophie sùn sí yàrá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ibẹ̀ ló ṣì wà bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, láàárín òpó irin méjì, ó ní wọ́n dí òun lójú tí òun bá fẹ́ wo afárá. Nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá gbé e, Roseline, tó bá wà ńlé, ló máa ń lọ bẹ̀rẹ̀ wo òrùka. Tí kò bá sí ńlé, èmi ni. Á dúró lójú fèrèsé, á máa dúró de ohun tí a máa wí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo mọ̀ pé gbogbo yín ni wọ́n ti sọ fún rí pé má ṣe báyìí, tí wọn ò sọ ìdí. Ẹni tó bá ti wá mọ ìdí tirẹ̀ nínú yín, bóyá ó pa á mọ́ ni, bóyá ó rú u, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi ní Spandau. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà lẹ́nu yín. Èmi àti Màmá Sophie la máa kà á, màá máa túmọ̀ rẹ̀ fún un.